Ẹ̀kọ́ Ni Olúwa Fi Yọ Mí

Ẹ̀rí yìí ti pẹ́ lọ́kàn mi. Mo fẹ́ jẹ́ ẹ ní kíkún, nítorí ó dá mi lójú pé láàárín àwọn tí yóò gbọ́ ọ, ìtọ̀ ṣúgà ń bá àwọn kan fínra, àwọn mìíràn sì wà tó ti wà lára wọn tí wọn ò tíì mọ̀. Ní ìjọ wa, bí ẹnì kan bá dìde láti jẹ́rìí ìwòsàn, ohun tí etí máa ń retí ni pé wọ́n gbàdúrà, àìsàn sì lọ. Àdúrà wà nínú tèmi náà, ó pọ̀ jọjọ. Ọ̀nà tí Olúwa gbà dáhùn ni pé ó mú mi lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì nínú yàrá kan ní ọsibítù ìjọba, ó fi obìnrin kan síwájú mi, ó ní kí n máa gbọ́ ohun tí obìnrin náà bá sọ. Títí dòní ni mo ń ṣe ohun tí wọ́n kọ́ mi. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì wà níbẹ̀. Ojú mi ń ka Bíbélì. Ẹni tó bá mọ ilé tí mo ti wá yóò mọ ìdí tí mo fi ń yí gbirigbiri dúpẹ́.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí. Bàbá mi ò ṣe iṣẹ́ mìíràn rí ju aṣọ òkè híhun lọ. Ẹni tó bá ti dúró ti ahunṣọ rí mọ̀ pé kì í ṣe ọwọ́ nìkan ló ń hun aṣọ. Bí ọwọ́ ṣe ń ju ọkọ̀ láti ọ̀tún sí òsì ni ẹsẹ̀ ń tẹ òfì nísàlẹ̀, bí ọ̀kan ṣe ń sọ̀ ni èkejì ń gòkè. Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ni Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ ṣáá lóru. Wọ́n ń rù, èèrà sì ń ṣù bo ibi tí wọ́n bá tọ̀ sí. Nígbà tó ṣe, egbò kékeré kan yọ lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn ọ̀tún. Wọn ò mọ ohun tó gún wọn, nítorí kò dùn wọ́n. Àwọn ará ilé ní Bàbá ti tẹ ohun tí ayé dà sílẹ̀. Wọ́n wá oògùn egbò àdáàjiná káàkiri, wọ́n ń fi omi gbígbóná jó o láàárọ̀ lálẹ́, Bàbá ò sì kígbe, torí ẹsẹ̀ náà ò mọ iná mọ́. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé wọn dé ọsibítù, ó ti dúdú dé ọrùn ẹsẹ̀. Ìsàlẹ̀ orúnkún ni wọ́n ti gé e. Bàbá ò jókòó nídìí òfì mọ́ títí wọ́n fi kú.

Mi ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi nínú ọ̀rọ̀ yìí. Gbogbo ẹni tó sáré kiri nígbà náà, ìfẹ́ ló ń sún wọn. Kò sẹ́ni tó kọ́ Bàbá pé àtọ̀gbẹ tó bá pẹ́ lára máa ń ba àwọn iṣan tí ẹsẹ̀ fi ń mọ ìrora jẹ́, débi pé èèyàn lè tẹ ìṣó kó má mọ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ àwa ọmọ náà. A ń gbàdúrà, a ń sunkún, a ò sì mọ̀ pé ẹsẹ̀ yẹn lè ṣeé gbà là ká ní a tètè wo abẹ́ rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí àyà mi fi já nígbà tí ó kàn mí. Mo ti ń sún mọ́ ìfẹ̀yìntì nígbà náà, sáyẹ́ǹsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ girama n'Íbàdàn. Òùngbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ mí ní kíláàsì, ojú mi ń ṣú, ó sì ń rẹ̀ mí láìṣiṣẹ́. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi ní àárọ̀ kí n tó jẹun, ó lé ní 280. Ẹni tí ara rẹ̀ pé kì í tó 100 ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, tó bá sì ti di 126 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àtọ̀gbẹ ni. Wọ́n tún ṣe èyí tí àwa aláìsàn ń pè ní tẹ́ẹ̀sì oṣù mẹ́ta, tó máa ń sọ bí ṣúgà ṣe wà nínú ẹ̀jẹ̀ láti bí oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn. Tèmi ju 10 lọ. Wọ́n ní kò yẹ kó kọjá 7.

Kí n tó délé, gbogbo àdúgbò ti di dókítà. Ọ̀kan ní kí n máa mu ewúro gbígbo ní ife kan láàárọ̀. Òmíràn ní n kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan èso mọ́ láyé. Ẹnì kan gbé àgbo wá nínú ike, ó ní ẹ̀gbọ́n òun mu ún, ó sì ju gbogbo oògùn òyìnbó nù. Mo gba ohun gbogbo tí wọ́n gbé wá, mo dúpẹ́, mo kó wọn sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Òru ọjọ́ yẹn, ẹsẹ̀ Bàbá ni mo ń rí.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí Olúwa ṣe ṣe é. Lọ́jọ́ kílíníìkì àtọ̀gbẹ, kí dókítà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rí wa, Mátíróònù kan á ti kó wa jọ. N kò ní dárúkọ wọn, torí wọn ò fẹ́ ìyìn gbangba. Wọn kì í ka ìwé sí wa létí. Ìbéèrè ni wọ́n máa fi ń bẹ̀rẹ̀: “Mọ́mì, kí lẹ jẹ lánàá? Ta ló bù ú fún yín? Báwo ló ṣe tóbi tó?” Èmi tí mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, mo mọ olùkọ́ gidi bí mo bá rí i.

Lọ́jọ́ kan wọ́n gbé kúlà wá, àmàlà gbígbóná ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ rírò nínú ìkòkò àti ẹja. Wọ́n ní kí bàbá kan tó ti fi ọkọ̀ wíwà sílẹ̀ bu oúnjẹ bí wọ́n ṣe máa ń bù ú nílé. Bàbá náà bu àmàlà títí ó fi yọ gegele lórí àwo, wọ́n wá fi ọbẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mátíróònù ò bá wọn wí.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ di ọwọ́ yín ní ìkúùkù, kí ẹ gbé e sún mọ́ àmàlà yẹn.”

Bàbá ṣe bẹ́ẹ̀. Àmàlà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìkúùkù mẹ́rin.

“Ìkúùkù kan ni tiyín, sà.”

“Mátíróònù, ṣé ẹ fẹ́ kí ebi lù mí pa ni?”

“Ebi ò ní pa yín. Ìdajì àwo yìí, ẹ̀fọ́ ni kó kún un. Ẹ pín ìdajì tó kù sí méjì: ẹja tàbí ẹ̀wà níbí, àmàlà yín lọ́hùn-ún.”

Wọ́n bù ú níṣojú wa. Àwo kún. Bàbá jẹ ẹ́ tán, wọ́n ní àwọn yó, gbogbo wa pàtẹ́wọ́.

Ìyá kan wà láàárín wa tí wọ́n ti sọ fún pé wíìtì nìkan ni oúnjẹ alátọ̀gbẹ. Kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n ó gbà pé oògùn ni, bó bá sì ti rò ó, òkè ńlá ló máa ń gé. Mátíróònù ní kí ó gbé e wá bí ó ṣe ń jẹ ẹ́ nílé. Wọ́n gún èmi àti ìyá yìí níka kí á tó jẹun, wọ́n kọ nọ́ńbà wa sí pátákó. Èmi jẹ ìkúùkù àmàlà kan pẹ̀lú ẹ̀fọ́ rẹpẹtẹ àti ẹja, ìyá jẹ wíìtì rẹ̀. Wákàtí méjì lẹ́yìn náà wọ́n tún gún wa. Tèmi gòkè díẹ̀, kò tó 180. Tirẹ̀ ti kọjá 250. Ìyá náà wo pátákó títí, ó ní, “Àmàlà tí mo ti ń yán hànhàn fún láti ìjọ́ yìí wá ńkọ́?” Ibẹ̀ ni Mátíróònù ti là á yé wa pé àti wíìtì, àti èlùbọ́, àti gàrí, àti ìrẹsì, ṣúgà ni gbogbo wọn ń dà bí wọ́n bá dé inú. Bí a ṣe bù ú tó àti ohun tí a fi jẹ ẹ́ ló yẹ kí á máa ṣọ́. Èso náà, a lè jẹ ẹ́ níwọ̀nba: ọsàn kan, tàbí gígé ìbẹ́pẹ kan, kì í ṣe kí á fún un mu ní ife ńlá. Mínírà àti mọ́ọ̀tì ni wọ́n ní kí á fi sílẹ̀ pátápátá, àfi fún oògùn tí n ó sọ láìpẹ́.

Mo ka ọjọ́ yẹn sí ọjọ́ ìdáǹdè mi. Kò sẹ́ni tó lé mi kúrò nídìí oúnjẹ àwọn baba mi. Wọ́n fún mi ní ọgbọ́n tí n ó fi bá ara mi sọ̀rọ̀. Sítíríìpù tí a fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò wọ́n, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, kò sì sí owó ìfẹ̀yìntì tó lè máa ra á fún ìnàkúnàá. Nítorí náà wọ́n kọ́ wa pé ká má kàn máa gún ọwọ́. Bí o bá fẹ́ mọ ohun tí iyán ń ṣe fún ọ, yẹ̀ ẹ́ wò kí o tó jẹ ẹ́, tún yẹ̀ ẹ́ wò ní wákàtí méjì lẹ́yìn rẹ̀, kọ méjèèjì sílẹ̀. Lọ́la, dín iyán náà kù, tàbí kí o rìn yí àdúgbò ká lẹ́yìn oúnjẹ, kí o tún wò ó. Ìwé nọ́ńbà mi ti pọ̀ nílé. Nínú ìwé yẹn ni mo ti rí i pé rírìn lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ń ṣe fún mi ju bí mo ṣe rò lọ.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀. Mátíróònù ní kí á dijú, wọ́n mú okùn ọ̀rá tín-ín-rín kan tó le díẹ̀, wọ́n ń fi orí rẹ̀ kan àtẹ́lẹsẹ̀ wa níbí àti lọ́hùn-ún, wọ́n ní kí á máa sọ ọ́ bí a bá ti mọ̀ ọ́n lára. Mo mọ gbogbo rẹ̀ ní ẹsẹ̀ òsì. Nígbà tí wọ́n dé ẹsẹ̀ ọ̀tún, mo ń dúró de ìgbà tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní àwọn ti fi kan ibi mẹ́ta. Omi bọ́ lójú mi. Ẹsẹ̀ ọ̀tún náà ni ti Bàbá. Mátíróònù mú mi lọ́wọ́, wọ́n ní, “Mọ́mì, ẹsẹ̀ yín ò lè sọ fún yín mọ́ bí nǹkan bá gún un. Ojú yín ni yóò máa sọ ọ́.” Wọ́n kọ́ mi pé kí n máa gbé dígí sílẹ̀ lálaalẹ́, kí n fi wo àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì àti àárín ọmọ ìka. Kí n má rìn láìwọ bàtà, kódà nínú ilé. Kí n gbọn bàtà, kí n sì ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ kí n tó wọ̀ ọ́. Omi tí n ó fi wẹ ẹsẹ̀, ìgúnwọ́ ni kí n fi wò ó. Wọ́n sọ fún àwọn Mùsùlùmí tó wà láàárín wa pé lẹ́yìn àlùwàlá, kí wọ́n fara balẹ̀ nu àárín ọmọ ìka, kí ó gbẹ.

Ẹ̀yin ará, alẹ́ ọjọ́ kan lẹ́yìn ìpàdé Ẹgbẹ́ Ìyá, mo gbé dígí mi, mo gbé ẹsẹ̀ lé orí àpótí bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo rí ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ lábẹ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ihò kékeré kan wà níbẹ̀, kò ju orí ìṣáná lọ. Mo lọ gbé bàtà tí mo wọ̀ lọ ìpàdé, mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́: ìṣó kan ti gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ wọlé. Mo ti rìn lórí ìṣó yẹn láti ṣọ́ọ̀ṣì délé, mo jó, mo kọrin, mi ò mọ nǹkan kan. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó kàn. Mo fi omi àti ọṣẹ wẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, mo fi aṣọ ọgbẹ́ tó mọ́ bò ó. N kò fi omi gbígbóná kàn án, n kò fi nǹkan kan pa á. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa mo ti wà ní ọsibítù. Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n fún mi ní abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì àti oògùn tí kò ní jẹ́ kó kẹ̀, wọ́n ní kí n má fi ẹsẹ̀ yẹn tẹlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Mo jókòó sílé bí wọ́n ṣe wí, àwọn ọmọ mi ń gbé oúnjẹ fún mi. Egbò náà jiná! Ẹsẹ̀ ọ̀tún, ibì kan náà, àìsàn kan náà, ọmọ bàbá kan náà, ó jiná! Ta ni n ó fi wé Ọlọ́run mi?

Ìgbà kejì tí ẹ̀kọ́ gbà mí, òde ìsìnkú ni, l'Ọ́yọ̀ọ́. Mo ń lo glibenclamide nígbà náà, oògùn tó lè fa ṣúgà wálẹ̀ jù bí èèyàn ò bá jẹun lásìkò. Oúnjẹ òde pẹ́. Òógùn bò mí, ara mi ń gbọ̀n, ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ mi lẹ́nu. Àwọn obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ti ń ké “Jésù! Jésù!” Ọmọ mi obìnrin, tí mo ti mú lọ sí kíláàsì Mátíróònù torí wọ́n ní kí olúkúlùkù mú ará ilé rẹ̀ wá, kò bá wọn ké. Ó fi ẹ̀rọ wò ó, ó ti wà nísàlẹ̀ 70. Ó po ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́rin mọ́ omi, mo mu ún, ó wo aago fún ìṣẹ́jú 15, ó tún gún mi níka, lẹ́yìn náà ló fún mi ní mọ́ínmọ́ín. Mínírà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn: irú wákàtí bẹ́ẹ̀ ni a máa ń mu ún. Dókítà ti pààrọ̀ oògùn náà fún mi lẹ́yìn ìgbà yẹn.

Nítorí iṣẹ́ olùkọ́ tó wà lára mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi léèrè: ta ló kọ́kọ́ rò ó pé aláìsàn ṣeé kọ́? Mo bẹ Mátíróònù, wọ́n fún mi ní ìwé kà. Àwọn tí mo rí níbẹ̀ kò mọ̀ mí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kú, ṣùgbọ́n mo jẹ wọ́n ní gbèsè ọpẹ́.

Dókítà kan wà ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, Elliott Joslin. Ní 1918, nígbà tí kò tíì sí ínsúlínì, ó tẹ ìwé kan jáde tí dókítà àti aláìsàn á jọ máa lò. Ó gbà pé ẹni tó mọ̀ nípa àìsàn rẹ̀ jù ni yóò pẹ́ láyé jù. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ínsúlínì dé: ní oṣù kìíní ọdún 1922, ní Toronto, ọmọ ọdún 14 kan, Leonard Thompson, ni wọ́n kọ́kọ́ gún ún fún. Kí ó tó dé, ikú ni fún ọmọdé tí àtọ̀gbẹ bá mú. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ ojoojúmọ́ ni, dókítà kan ò sì lè máa sun ilé gbogbo aláìsàn. Wọ́n ní láti fi abẹ́rẹ́ lé ìyá ọmọ lọ́wọ́, kí wọ́n sì kọ́ ọ. Joslin a máa rán àwọn nọ́ọ̀sì lọ bá wọn nílé. Bí mo bá ń ka èyí, Mátíróònù wa ni mo ń rí.

Síbẹ̀ ó kù kí wọ́n mọ̀ dájú pé gbogbo ìyọnu yìí, fífi oúnjẹ díwọ̀n, gígún ìka, ó tó nǹkan tí ó ń dá padà. Ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, àwọn aláìsàn 1,441 gbà kí wọ́n máa ṣọ́ àwọn fún ọdún púpọ̀. Ínsúlínì ni gbogbo wọn ń lò. Èsì rẹ̀ jáde ní 1993: àìsàn ojú fi ìdá 76 nínú 100 dín kù lára àwọn tó ń ṣọ́ ṣúgà wọn tímọ́tímọ́. Fún irú àtọ̀gbẹ tó wà lára èmi, Ọ̀jọ̀gbọ́n Robert Turner àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Oxford ni wọ́n ṣe ti ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1977, wọ́n parí ní 1997, èèyàn 5,102 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé àwọn ní àtọ̀gbẹ ló bá wọn ṣe é. Wọ́n rí i pé bí tẹ́ẹ̀sì oṣù mẹ́ta bá fi 1 péré wálẹ̀, bíi láti 8 sí 7, ìpalára ojú àti kíndìnrín máa ń fi ìdá 37 nínú 100 dín kù. Ọ̀jọ̀gbọ́n Turner kú ní 1999, ọdún kan lẹ́yìn tí èsì jáde. Ẹ jẹ́ kí n sọ eléyìí pẹ̀lú gbogbo ọkàn mi: mo ń dúpẹ́ fún àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n àwọn aláìsàn wọ̀nyẹn ni mo máa ń rántí nínú àdúrà mi. Aláìsàn bíi tèmi ni wọ́n. Wọ́n na apá sílẹ̀, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn lọ́dọọdún, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì ní jẹ àǹfààní rẹ̀ tó bí àwa ṣe ń jẹ ẹ́.

Lọ́dọ̀ tiwa náà, àwọn àgbà ti ṣiṣẹ́. Ní 1971, Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun àti àwọn ẹgbẹ́ wọn n'Íbàdàn kọ ìwé lórí aláìsàn àtọ̀gbẹ 832, nígbà tí ọ̀pọ̀ ṣì rò pé àìsàn olówó ni. Ìgbìmọ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládípọ̀ Akínkugbé ṣe alága rẹ̀ yẹ gbogbo Nàìjíríà wò ní nǹkan bí ọdún 1990 sí 1992, wọ́n rí i lára ìdá 2.2 nínú 100. Nígbà tí àwọn dókítà wa kó gbogbo ìwádìí jọ ní 2018, ó ti lé ní ìdá 5 àti ààbọ̀. Ó ń pọ̀ sí i. Ẹ wo ìlà tí ẹ jókòó sí nínú ṣọ́ọ̀ṣì, kí ẹ ṣírò rẹ̀.

Ìwádìí kan tún wà tí mo kà títí mo fi há a sórí. Ní 2002, Susan Norris àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kó ọ̀pọ̀ ìwádìí lórí kíkọ́ alátọ̀gbẹ jọ, wọ́n wọ̀n wọ́n wò. Ẹ̀kọ́ ń ṣiṣẹ́: ní kété tí kíláàsì bá parí, tẹ́ẹ̀sì oṣù mẹ́ta ti fi 0.76 wálẹ̀. Ṣùgbọ́n bí oṣù bíi mélòó kan bá ti kọjá, èyí tó kù ò ju 0.26 lọ. Wọ́n tún ṣírò iye wákàtí tí olùkọ́ àti aláìsàn gbọ́dọ̀ fi wà pa pọ̀ kí ó tó fi 1 wálẹ̀: ó jẹ́ 23.6. Ní 2008, àwọn ará Leicester ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì náà tẹ èsì tiwọn jáde. Ẹ̀kọ́ wákàtí mẹ́fà ni wọ́n ń pè ní DESMOND, èèyàn 824 ló wà nínú ìwádìí náà. Lẹ́yìn ọdún kan, àwọn tí wọ́n kọ́ ti fọn ju àwọn tí wọn ò kọ́ lọ, àwọn tí kò mu sìgá láàárín wọn pọ̀ jù, àìsàn náà yé wọn sí i, ìbànújẹ́ ọkàn wọn sì dín kù. Tẹ́ẹ̀sì oṣù mẹ́ta wọn ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù. Èmi olùkọ́ ò rí ìyàlẹ́nu kan níbẹ̀. Ta ló ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó wá ń retí pé kó mọ̀ ọ́n títí ayé? Ìdí tí ẹ fi rí mi lónìí tí tẹ́ẹ̀sì mi kò tíì kọjá 7 láti ìgbà pípẹ́ ni pé mi ò dẹ́kun kíláàsì lílọ.

Àbúrò mi obìnrin wà ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, òun náà ní in. Èyí ò yà mí lẹ́nu, torí ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, àtọ̀gbẹ ń mú àwa aláwọ̀ dúdú ju àwọn aláwọ̀ funfun lọ ní ìlọ́po méjì sí mẹ́ta. Kíláàsì àkọ́kọ́ tó lọ, ọ̀dùnkún òyìnbó àti búrẹ́dì ni wọ́n fi ń kọ́ wọn, ó délé, ó ń wo gàrí rẹ̀, kò mọ ohun tí yóò ṣe. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ nípa HEAL-D, tí Louise Goff àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní King's College dá sílẹ̀ fún àwọn ọmọ Áfíríkà àti Kàríbíánì ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Kí wọ́n tó ṣe é, wọ́n pe àwọn aláìsàn fúnra wọn àti àwọn aṣáájú àdúgbò, wọ́n jọ rò ó. Iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìrẹsì wà nínú ẹ̀kọ́ náà. Nígbà tí àbúrò mi ń sọ fún mi lórí fóònù bí a ṣe ń di ìkúùkù wọn oúnjẹ, mo pariwo! Mo ní, “Mátíróònù wa ti kọ́ wa níbí!”

Ìdí rèé tí mo fi lọ bá Olùṣọ́-Àgùntàn wa, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí á máa lo gbọ̀ngàn ọmọdé lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n gbà, kí Olúwa bá mi bù kún wọn. Mátíróònù ti fẹ̀yìn tì báyìí, àwọn ló ṣì ń kọ́ wa, láìgba kọ́bọ̀. A máa ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, a máa ń fi okùn ọ̀rá wo ẹsẹ̀, a máa ń se oúnjẹ, a sì máa ń rìn. Ẹni tí inú rẹ̀ bá bàjẹ́ nípa àìsàn yìí á sọ ọ́, a ó gbọ́, a ó gbàdúrà. Nígbà tí ààwẹ̀ ọdún bá ń bọ̀, Olùṣọ́-Àgùntàn fúnra wọn ló ń kéde lórí pẹpẹ pé kí ẹni tó ń lo ínsúlínì tàbí oògùn tó ń fa ṣúgà wálẹ̀ kọ́kọ́ rí dókítà kó tó gbààwẹ̀, àti pé Ọlọ́run ń gbọ́ àdúrà ẹni tó jẹun. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ láti ibẹ̀ yẹn ti gba ẹ̀mí là, ó dá mi lójú.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Mátíróònù. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ mi tó wo aago dípò kó máa ké. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn 5,102 àti àwọn 1,441 tí n kò mọ orúkọ ẹnì kan nínú wọn. Ọrẹ ọpẹ́ tí mo mú wá lónìí, mo ti bá àwọn alàgbà sọ ọ́, sítíríìpù la máa fi ra fún àwọn tí agbára wọn ò gbé e. Tí a bá ti parí ìsìn, Mátíróònù á ti tẹ́ tábìlì sí ẹ̀gbẹ́ gbọ̀ngàn, ẹ̀rọ wà níbẹ̀, okùn ọ̀rá wà níbẹ̀. Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà síbẹ̀ kí ẹ tó lọ sílé, kí ẹ sì bọ́ bàtà àti ìbọ̀sẹ̀ méjèèjì.